Apá tí mi ò kùn ló ń gbé èyí tí mo kùn yọ: ìrírí mi pẹ̀lú pẹ́ńsù aláwọ̀ lórí káàdì àfọwọ́ṣe

Tẹ́ ẹ bá ti ń fọwọ́ ṣe káàdì fúngbà díẹ̀, ẹ máa gbà pẹ̀lú mi pé ibi tó dùn jù níbẹ̀ ni kéèyàn tẹ òǹtẹ̀ àwòrán sórí páálí funfun, kó kó pẹ́ńsù aláwọ̀ síwájú, kó wá máa kùn ún díẹ̀díẹ̀. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe bá a ṣe ń kun àwòrán látòkè délẹ̀ o, bá a ṣe ń kun apá kan péré ni, ká wá fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, ilà dúdú lórí bébà funfun. Ó lè dà bí iṣẹ́ tó rọrùn torí pé ibi téèyàn máa kùn kéré, kò sì rọrùn rárá, torí kéèyàn mọ ibi tí ò ní fọwọ́ kàn le ju kó mọ bí wọ́n ṣe ń kùn lọ.

Ojú wa ò lè ṣe kó má lọ síbi tí àwọ̀ wà. Ká ní ẹ ní òǹtẹ̀ ọmọdébìnrin kan tó di agboòrùn mú nínú òjò, ilé wà lẹ́yìn ẹ̀, igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ bàtà òjò, omi dúró sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kun gbogbo ẹ̀ pátá, ojú ẹni tẹ́ ẹ fún ní káàdì náà á máa sáré káàkiri ni, á wo ilé, á wo igi, á wo bàtà, kò ní mọ èwo ló yẹ kóun dúró lé lórí. Àmọ́ tó bá jẹ́ agboòrùn yẹn nìkan lẹ kùn ní pupa, tí gbogbo yòókù wà ní dúdú àti funfun, kó tó ṣẹ́jú ló ti rí agboòrùn, lẹ́yìn náà ló máa rí ọmọ tó wà lábẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ló máa wá rí òjò. Ẹ ti bá a to ohun tó máa wò tẹ̀ léra wọn láìla ẹnu yín. Ìdí tí mo ṣe fẹ́ràn irú káàdì yìí ju àwọn tó kún fún àwọ̀ lọ nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe ń mú ibi tí màá kùn? Ọ̀rọ̀ tí káàdì náà fẹ́ sọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ká ní káàdì ọjọ́ ìbí ni, tí òǹtẹ̀ náà jẹ́ ajá kan tó jókòó sáàárín àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n dì, àwọn ẹ̀bùn yẹn ló ń sọ pé ọjọ́ ìbí ni, nítorí náà mo lè kun ríbọ̀n ara wọn nìkan kí n fi ajá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹni tí mo fẹ́ fún ní káàdì náà ní ajá nílé tó sì fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú, ọ̀rọ̀ ti yí pa dà nìyẹn, ajá ló máa gba àwọ̀. Tó bá jẹ́ káàdì ìbánikẹ́dùn, mi ò kì í kùn ju nǹkan kékeré kan lọ, òdòdó kan péré nínú ìdì òdòdó, tàbí ẹyẹ kan lórí ẹ̀ka, màá sì mú àwọ̀ tí kì í pariwo, bùlúù tó mọ níwọ̀n. Káàdì ọmọdé ńkọ́? Ọmọdé fẹ́ àwọ̀ rẹpẹtẹ, gbogbo ẹ̀ ni mo máa ń kùn fún wọn, mi ò rò pé ó yẹ kéèyàn máa fi dúdú àti funfun dá ọmọ ọdún mẹ́rin lára yá.

Òǹtẹ̀ fúnra ẹ̀ náà ní ohun tó máa ń béèrè. Àwọn òǹtẹ̀ tí wọ́n kàn fi ilà yí nǹkan po, tí inú ẹ̀ ṣófo, àwọn yẹn ló dáa jù fún pẹ́ńsù, torí àyè wà fún un láti rìn. Àwọn mìíì sì wà tí wọ́n ti fi ilà wẹ́wẹ́ ya òjìji sí i lára látilẹ̀, bíi ti àwòrán inú ìwé àtijọ́, irú ìyẹn kì í fẹ́ wàhálà, ìpele àwọ̀ kan ṣoṣo tó rọ̀ ti tó o, àwọn ilà yẹn á ṣe ìyókù. Tẹ́ ẹ bá wá lọ ki àwọ̀ mẹ́ta bọ ibẹ̀, ṣe ló máa dọ̀tí.

Ibi tí àwọ̀ bọ́ sí lórí káàdì náà tún ṣe pàtàkì. Tí ibi tí mo fẹ́ kùn bá ju ẹyọ kan lọ, mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fọ́n ká, ìkan lókè, ìkan nísàlẹ̀ lápá òsì, ìkan lápá ọ̀tún, kí ojú lè máa yí láàárín wọn láìjáde nínú àwòrán. Méjì tó kọjú síra máa ń fa ojú ya sọ́tùn-ún sósì. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, ìkan ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá, àwọn méjì tó kù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Kí n tó ṣe èyíkéyìí, mo máa ń tẹ òǹtẹ̀ náà sórí bébà lásán, màá fi pẹ́ńsù ha àwọ̀ síbi tí mo rò, màá gbé e sórí tábìlì lọ́ọ̀ọ́kán, màá sì dìde lọ wò ó látẹnu ọ̀nà. Tójú mi bá lọ síbi tí mo fẹ́, ó ti parí. Tójú mi bá lọ síbòmíì, màá tẹ òmíì.

Ìgbà kan wà tí àbúrò mi obìnrin jókòó tì mí, mo ti kun labalábá kan ṣoṣo lára àwòrán tó kún fún ewé àti òdòdó, mo gbé e fún un, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti parí eléyìí ni, àbí ó ṣì kù?" Ìbéèrè yẹn wúlò fún mi ju ọ̀pọ̀ fídíò tí mo ti wò lọ. Torí ohun tí irú káàdì yìí gbọ́dọ̀ borí gan-an nìyẹn: ẹni tó bá rí i kò gbọ́dọ̀ rò pé oorun ló gbé yín lọ lórí iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ hàn pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi ìyókù sílẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí mò ń ṣe látìgbà yẹn, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé.

Ohun tó kọ́kọ́ ń jẹ́ kó hàn bẹ́ẹ̀ ni pé ibi kékeré tẹ́ ẹ kùn yẹn, ẹ kùn ún débi tó dé. Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan tẹ́ ẹ kàn fi pá a lára fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni, ó máa dà bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ tí òjìji bá wà níbẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, tí àwọ̀ mẹ́ta wọnú ara wọn tí ò síbi tí ìkan ti parí tí ìkejì ti bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìbéèrè àbúrò mi. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ yíyọ́ pẹ́ńsù pọ̀ ti wọlé.

Kí n sọ nípa pẹ́ńsù fúnra ẹ̀ ná. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwa tá à ń ṣe káàdì. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi ìda so lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ pọ̀, Prismacolor Premier ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ níbẹ̀, ọdún 1938 ni Prismacolor ti jáde, àwọ̀ tó wà nínú páálí tó tóbi jù jẹ́ 150. Ó rọ̀, ó máa ń tètè bọ́ sára bébà, ó sì máa ń yọ́ wọ̀ọ̀, àmọ́ ẹnu ẹ̀ kì í pẹ́ kú, tó bá sì já bọ́ sílẹ̀, inú ẹ̀ lè ti kán sí wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé igi ẹ̀ kán, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gbẹ́ ẹ lẹ máa rí i tó ń já jáde. Ìkejì ni èyí tí wọ́n fi òróró so pọ̀, Polychromos tí Faber-Castell ní Jámánì ń ṣe wà lára wọn, ọdún 1908 ni wọ́n ti mú un jáde, àwọ̀ 120 ló ní. Ìyẹn le díẹ̀ ju ti onída lọ, ẹnu ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú, nítorí náà òun ni mo máa ń mú tí ibi tí mo fẹ́ kùn bá kéré gan-an, bí ẹsẹ̀ ẹyẹ tàbí bọ́tìnì ara aṣọ. Àwọn méjèèjì lè pàdé lórí bébà kan náà, wọn ò bára wọn jà.

Ẹ má jẹ́ kí iye àwọ̀ 150 yẹn dẹ́rù bà yín o. Ẹni tó ń kun apá kan péré ò nílò ẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta láti ìdílé kan náà ti tó fún káàdì kan: èyí tó mọ́, èyí tó wà láàárín, àti èyí tó ṣókùnkùn. Pẹ́ńsù aláwọ̀ eérú méjì, ìkan tó mọ́ ìkan tó ṣú, ẹ fi kún un. Pẹ́ńsù funfun. Ó parí.

Bébà wá ńkọ́? Bébà tó ń dán gbinrin kò dáa fún un, pẹ́ńsù á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Èyí tí ara ẹ̀ rí gbágungbàgun bíi ti bébà tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà olómi náà kò rọgbọ, kòtò ẹ̀ jìn jù, ilà òǹtẹ̀ pàápàá kì í jáde dáadáa lórí ẹ̀. Páálí funfun tó jọ̀lọ̀ àmọ́ tó ṣì ní òkè àti kòtò kéékèèké tójú ò fi bẹ́ẹ̀ rí lẹ máa wá, tó nípọn, nǹkan bíi gíráàmù 216 sí 300 fún mítà kan níbùú lóròó, kó lè fara da ìpele àwọ̀ tó pọ̀ láìká kò. Kó funfun báláú o, torí funfun yẹn náà wà lára àwòrán, òun gan-an ni apá tẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Íńkì ni kéèyàn fara balẹ̀ jù lé lórí. Ohun tí mo fi ń yọ́ pẹ́ńsù ni mineral spirits, èyí tí kì í rùn, irú èyí tí àwọn ayàwòrán fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá lo ọ̀dà olóróró, èyí tí wọ́n ń pè ní Gamsol lọ̀pọ̀ àwọn oníkáàdì ń lò débi pé orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà ìkunkáàdì yìí. Ohun tó bá jẹ́ olóróró tàbí onída ló máa ń yọ́, kì í rí ti omi rò. Ìyẹn ni pé tí íńkì tẹ́ ẹ fi tẹ òǹtẹ̀ bá jẹ́ olómi, irú bíi Memento tó wá láti ilé iṣẹ́ Tsukineko ní Japan, sípírítì yìí máa gba orí ẹ̀ kọjá tí ilà dúdú náà ò ní mira. Àmọ́ tí íńkì náà bá ní òróró nínú, ó lè yọ́ mọ́ pẹ́ńsù, dúdú á wá dà sínú yẹ́lò, ó tán. Tó bá sì jẹ́ pé pẹ́ńsù tí wọ́n ń fi omi yọ́ lẹ fẹ́ lò, òdì kejì ló máa jẹ́, íńkì olómi ló máa ya, èyí tí omi ò lè mú lẹ gbọ́dọ̀ wá. Ohun tí mò ń ṣe ò le: màá tẹ òǹtẹ̀ sórí èébù páálí kan náà, màá jẹ́ kó gbẹ dénú, màá fi sípírítì fọwọ́ rà á, màá wo bóyá ó ràn. Èyíkéyìí íńkì tó bá yege, màá kọ ọ́ sára ìdérí ẹ̀ pé ó yege.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú òdòdó kan ká kùn ún pọ̀. Ká ní ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òkè lápá òsì, ẹ mú un lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ẹ má yí i pa dà títí ẹ fi parí. Píńkì tó mọ́, píńkì tó ki, àti pọ́pù la fẹ́ lò. Màá kọ́kọ́ gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹnu wọn mú ṣóńṣó. Mi ò kì í di pẹ́ńsù mú nítòsí ẹnu ẹ̀, mo máa ń dì í mú lókè díẹ̀ kí ọwọ́ mi má bàa wúwo, màá sì máa yí i róbótó-róbótó kékeré dípò kí n máa fà á gbọọrọ, torí tẹ́ ẹ bá fà á gbọọrọ, ilà ibi tẹ́ ẹ fà á gbà á ṣì máa hàn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ́ ọ tán. Píńkì tó mọ́ á kọ́kọ́ lọ sórí ewé òdòdó náà, àmọ́ màá fi etí òkè lápá òsì sílẹ̀ ní funfun, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ bà. Píńkì tó ki á bẹ̀rẹ̀ látìdí ewé náà, níbi tó ti wọ abẹ́ ewé míì, á gòkè dé nǹkan bí ìdajì. Pọ́pù á wá lọ sí kọ̀rọ̀ ìdí náà gan-an nìkan, díẹ̀ báyìí, bíi kéèyàn fi ẹnu pẹ́ńsù tọ́ ọ wò. Ní báyìí, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé tótòtó funfun wà káàkiri inú àwọ̀ náà. Orí òkè bébà ni pẹ́ńsù dúró sí, kò tíì wọnú kòtò ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè wọlé.

Stump ló kàn, ìyẹn bébà tí wọ́n ká pọ̀ gírígírí tí wọ́n sì ṣe ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. Mo ní ìgò kékeré onídèérí kan tí mo fi fóòmù pẹlẹbẹ sí nísàlẹ̀, sípírítì tí mo bù sí i ò ju èyí tó rin fóòmù náà lọ. Ẹnu stump á kan fóòmù yẹn, màá tún fi kan tíṣù kí èyí tó pọ̀ jù lára ẹ̀ lè kúrò. Ó gbọ́dọ̀ tutù ni o, kò gbọ́dọ̀ máa kán. Látinú ibi tó mọ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tó ṣókùnkùn, kí stump má bàa gbé pọ́pù wá sínú píńkì tó mọ́. Tó bá jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo ni mo lò, òdì kejì ni màá ṣe, ibi tó ki ni màá ti fà á lọ síbi tó ṣófo, á máa fẹ́lẹ́ bó ṣe ń lọ títí á fi pòórá sínú funfun. Bí ìda inú pẹ́ńsù ṣe ń yọ́, lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ tó dì mú á tú sílẹ̀, á ṣàn wọnú àwọn kòtò bébà, àwọn tótòtó funfun yẹn á sì máa kú níkọ̀ọ̀kan lójú yín. Ó máa ń wú mi lórí nígbà gbogbo. Ẹ lè rí i pé etí ibi tẹ́ ẹ yọ́ ṣú díẹ̀ bíi pé òróró ta sí i, ẹ má bẹ̀rù, sípírítì tí ò tíì gbẹ ni, tó bá ti fẹ́ lọ tán, ibẹ̀ á mọ́ pa dà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ má dúró. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá tún mú pẹ́ńsù, ẹ máa rí i pé bébà náà á tún gba àwọ̀, pọ́pù tó ti rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún jinlẹ̀, ẹ yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn yẹn, ẹ gbẹ́ pẹ́ńsù tó ṣókùnkùn kó mú bí abẹ́rẹ́, ẹ fi gbígbẹ ẹ̀ tọ abẹ́ ilà dúdú níbi tí ewé méjì ti pàdé, ìyẹn nìkan ẹ máà yọ́ ọ. Òun ló máa jẹ́ kí òdòdó náà gbéra kúrò lórí bébà.

Àwọn ọ̀nà míì wà tí mo ti lò. Pẹ́ńsù tí ò ní àwọ̀, tí wọ́n ṣe fún yíyọ́ nǹkan pọ̀, kò nílò sípírítì rárá, ó dáa fún ẹni tí ò fẹ́ òórùn nílé, àmọ́ agbára lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, ìda ẹ̀ á sì di ojú bébà pa, àwọ̀ míì ò ní fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, nítorí náà ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ parí pátápátá ni kẹ́ ẹ lò ó. Ẹ tún lè fi pẹ́ńsù funfun gun orí àwọ̀ tó wà nílẹ̀, á pò ó pọ̀ lóòótọ́, á sì sọ ọ́ di fẹ́lẹ́, ìyẹn dáa fún awọsánmà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Òróró ìpara ọmọdé náà ń yọ́ pẹ́ńsù, àmọ́ mi ò fẹ́ ẹ lórí káàdì, torí òróró ò ń gbẹ, ó lè rin páálí débi tó máa hàn lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ sípírítì yìí, ẹ fọwọ́ pàtàkì mú un. Pé kò rùn ò túmọ̀ sí pé kò ní èéfín tó lè wọ inú yín, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dé ìgò náà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ ò bá fi nǹkan kàn án, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sára ẹ̀, ẹ má sì gbé ife tẹ́ ẹ fi ń mu nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kì í tètè gbiná bíi turpentine, àmọ́ ó ń gbiná. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná yọ́ ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí ilà òǹtẹ̀ wú sókè, ẹ ṣe ìyẹn tán pátá kẹ́ ẹ tó mú ìgò sípírítì sún mọ́ tábìlì. Ibi tọ́wọ́ àwọn ọmọdé ò lè dé ló yẹ kó máa sùn.

Funfun tó kù yẹn wá ni iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àwòrán lẹ kùn, èérún pẹ́ńsù tó bọ́ síbì kan ò ní hàn. Lórí káàdì tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ funfun, èérún pupa kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ nù, ó ti di ilà nìyẹn. Pupa àti bùlúù tó ṣú ló burú jù. Mo máa ń fi bébà mímọ́ sábẹ́ ọwọ́ mi, mi ò sì kì í fi ẹnu fẹ́ èérún torí itọ́, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni mo fi ń gbá a lọ, gbígbá fúyẹ́. Tí ìkan bá takú, mo máa ń mú ìrésà tó rọ̀ tó ṣeé fọwọ́ pò, màá fi tẹ̀ ẹ́ lórí kí n gbé e kúrò, láìfi ra bébà.

Funfun yẹn náà ò gbọ́dọ̀ ṣófo jù. Pẹ́ńsù eérú méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ wọn rèé. Màá fi eérú tó mọ́ ya òjìji díẹ̀ sábẹ́ àwọn nǹkan tí mi ò kùn, abẹ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin yẹn, ẹ̀gbẹ́ ilé tí ìmọ́lẹ̀ ò dé, ìdí igi, màá fi stump mímọ́ yọ́ ọ títí kò fi ní etí mọ́. Kí òjìji náà ṣubú sápá kan náà pẹ̀lú ti ibi tẹ́ ẹ kùn o. Ẹni tó bá ń wò ó lè má mọ̀ pé eérú wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa rí i pé àwọn nǹkan tí ò ní àwọ̀ náà dúró sórí ilẹ̀, wọn ò léfòó. Eérú yìí ló yanjú ọ̀rọ̀ àbúrò mi jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọ̀ tẹ́ ẹ lò nínú àwòrán gbọ́dọ̀ fara hàn níbòmíì lórí káàdì. Tí agboòrùn bá pupa, ẹ fi bébà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe etí yí àwòrán náà ká, tàbí kí ríbọ̀n jẹ́ pupa, ọ̀kan nínú méjèèjì, kì í ṣe méjèèjì. Kí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ sórí ẹ̀ wà ní dúdú. Nígbà tí pupa bá ti wà níbi méjì, kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ṣèèṣì.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn tí mi ò ní fi pa mọ́. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, sórí páálí méjì tó jọra. Ẹ fi ìkan sílẹ̀ láìkùn. Lára ìkejì, ẹ fi pẹ́ńsù dúdú yí róbótó fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sára ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kí ojú lọ, ẹ kun gbogbo ohun tó wà nínú róbótó yẹn, títí kan òfuurufú àti ewé ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kùn ún kọjá etí ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi pọ́ǹṣì gé róbótó náà jáde. Ẹ fi fóòmù olójú méjì tó ń lẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbé e lé àwòrán tí ò ní àwọ̀, gẹ́lẹ́ lórí ibi tó bá a mu. Ibi tọ́rọ̀ wà ni kí ilà bá ilà mu. Ilà tó gùn jù tó gba inú róbótó náà kọjá ni mo máa ń fi wọ̀n ọ́n, bí ẹ̀ka igi tàbí etí òrùlé, tí ìyẹn bá ti bára mu lápá méjèèjì, ìyókù á tẹ̀ lé e. Mi ò kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó dá mi lójú, màá fi ìka méjì gbé e lé e lórí fúyẹ́ ná, màá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti òkè gan-an, torí tẹ́ ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, gíga fóòmù á tan yín jẹ.

Tẹ́ ẹ bá lo páálí aláwọ̀ ilẹ̀ dípò funfun, gbogbo ìṣirò á yí pa dà díẹ̀. Nínú ìyẹn, pẹ́ńsù funfun ló máa ṣiṣẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi funfun tẹ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kùn kí àwọ̀ tó gun orí ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ ilẹ̀ páálí náà á gbé e mì. Yẹ́lò àti píńkì ló máa ń jìyà ẹ̀ jù.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má kù gìrì kì í bọ ẹ́ńfílọ́ọ̀pù. Mo máa ń fi tèmi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí sípírítì lè lọ tán kó tó kan gọ́ọ̀mù, torí gọ́ọ̀mù kì í mú bébà tó ṣì tutù dáadáa. Pẹ́ńsù onída tẹ́ ẹ kùn tó nípọn lè yọ nǹkan funfun kan bí ìkùukùu sójú lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìda ẹ̀ ló ń gòkè, aṣọ tó rọ̀ ló ń nù ún kúrò, fífi ọ̀dà ìdáàbòbò tí wọ́n ń fín fín ín lẹ́ẹ̀kan fúyẹ́ sì máa ń dín in kù. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa fi ránṣẹ́ ni, màá fi bébà jọ̀lọ̀ kan bo ojú ẹ̀ kí n tó kì í sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, kí pupa agboòrùn má bàa ra ara ẹ̀ mọ́ funfun lójú ọ̀nà. Èébù páálí tí mo fi dán àwọ̀ wò, mi ò kì í dà á nù, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ń kọ orúkọ pẹ́ńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti íńkì tí mo lò sí, tí ẹnì kan bá tún ní kí n bá òun ṣe irú ẹ̀, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.